Níbo ni ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ti lè rí ẹgbẹ́ bá rìn ní Òṣogbo?

Alábòójútó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá lọ́sẹ̀ yìí: ẹni tí ọtí ti di bárakú sí lára, tó fẹ́ jáwọ́, tó sì ń gbé ní Òṣogbo, báwo ló ṣe máa rí àwọn tí wọ́n jọ ń bá nǹkan yìí fà á, tí wọ́n ń jókòó pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká kó ìdáhùn jọ sójú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì kọ nọ́ńbà ẹni síbí. Ohun tí èèyàn lè dìde lónìí kó lọ ṣe ni ká sọ.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà

Ẹ jẹ́ n fi èyí ṣáájú ọ̀rọ̀ ìpàdé, torí ẹ̀mí ló wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó ń mu ọtí lójoojúmọ́, tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí tó fi máa fẹnu kan nǹkan, kò gbọdọ̀ dédé dá ọtí dúró ní òun nìkan nínú yàrá. Láti bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ife tó mu kẹ́yìn, òógùn á bò ó, àyà á máa lù kìkì, oorun á dá lójú ẹ̀. Gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Èyí tó burú jù máa ń dé láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin: á máa rí ohun tí kò sí, á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ara á gbóná janjan. Ibẹ̀ ni ẹbí ti ń sọ pé wọ́n ti ṣe é, tí wọ́n á gbé e lọ sílé àdúrà, tí àkókò á sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ilé ìwòsàn ló kàn. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIOSUN wà láàárín ìlú níbí, ilé ìwòsàn ìjọba ní Asubiaro náà wà. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé dókítà ìlera ọpọlọ lẹ fẹ́ rí nítorí ọtí, kí wọ́n má baà kọ ibà fún yín kí wọ́n sì ní kẹ́ ẹ máa lọ. Bó bá kọjá agbára wọn, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn OAUTHC wà ní Ilé-Ifẹ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta sì ní ẹ̀ka tó dá dúró fún àwọn tí ọtí àti oògùn ti di bárakú fún.

Diazepam, oògùn tó ń mú ara balẹ̀, tàbí ẹbí ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, wọ́n á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má lọ rà á fúnra yín: diazepam pẹ̀lú ọtí lè dá èémí dúró. Nǹkan kejì ni abẹ́rẹ́ fítámì B1. Ọ̀mùtí tí kì í jẹun, B1 ara ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí wọ́n bá fa omi ṣúgà sí i lára kí wọ́n tó fún un ní B1, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni ṣúgà yẹn máa jẹ tán, ọpọlọ ló sì máa fara gbá a: ojú á máa yí, ẹsẹ̀ ò ní gbé e dáadáa, ìrántí lè lọ tí kò ní padà. Ẹni tó bá tẹ̀ lé aláìsàn lọ lè fi sùúrù béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti fún un ní B1?"

Ọmọ Àyétòrò

Ẹ ṣé gan-an mà. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé tòun ti di ti ilé ìwòsàn? Ẹni tẹ́ ẹ bá bi léèrè á ní, "Ìgò méjì péré ni mò ń mu."

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà

Ìgò méjì yẹn la máa kọ́kọ́ wọ̀n. Nínú ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, ife kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 10 ojúlówó ọtí. Ìgò bíà ńlá, 60cl, tí wọ́n kọ 5% sí lára, ó tó gíráàmù 24. Ìgò méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ife márùn-ún. Ọtí inú ọ̀rá kékeré, 30ml, tó jẹ́ 42%, gíráàmù 10 ló wà nínú ẹ̀, ife kan gbáko. Ẹni tó fa ọ̀rá mẹ́ta kó tó wọ mọ́tò láàárọ̀ ti mu ife mẹ́ta kí oúnjẹ tó kàn án lẹ́nu. Ògógóró ò ṣeé ṣírò, torí agbára ẹ̀ ń yí padà láti ọwọ́ ẹnì kan tó pọn ọ́n sí ọwọ́ ẹlòmíì.

Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní AUDIT, àjọ yẹn náà ló ṣe é: ìbéèrè mẹ́wàá, máàkì láti 0 sí 40. Láti 8 sókè, ọtí ti ń wu ẹni náà léwu. Láti 20 sókè, ó ṣeé ṣe kó ti di bárakú, kó lọ rí dókítà. Ẹni tí gìrì bá ti mú rí nígbà tó fẹ́ jáwọ́, tàbí tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀, kò nílò máàkì kankan. Kó máa lọ.

Apòògùn Ìgbọ̀nà

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ agbo kún un, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn padà sẹ́yìn láìfura. Èèyàn á jáwọ́ nínú bíà, á jáwọ́ nínú ògógóró, á sì máa mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí ní àràárọ̀. Inú ọtí ni wọ́n rẹ ewé àti egbò yẹn sí. Pàràgà ni, orúkọ lásán ló yí padà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ pé, "Omi lẹ fi sè é àbí ọtí lẹ fi rẹ ẹ́?" Èyí tí wọ́n fi omi sè máa ń kan láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó wà nínú ìgò fún oṣù mẹ́ta tí kò yí padà, ẹ mọ ohun tó ń tọ́jú ẹ̀.

Oògùn mẹ́ta ni dókítà lè kọ fún ẹni tó ti jáwọ́, kó má baà padà: naltrexone, acamprosate, disulfiram. Naltrexone kì í bá ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ gan-an ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń lo tramadol kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ara á dà rú pátápátá. Disulfiram ni mo fẹ́ kígbe lé lórí. Bí ọtí bá pàdé ẹ̀ nínú ara, ojú á pọ́n, èébì á gbé èèyàn, àyà á máa já, ìfúnpá á wálẹ̀. Ó lè pa ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò le. Àwọn ìyàwó àti ìyá kan ń rà á, wọ́n ń lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ fún ọkọ tàbí ọmọ láìsọ fún un. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ń lò ó, kó lè sá fún agbo ọlọ́tí àti oògùn ikọ́ kan tí wọ́n fi ọtí po.

Akọ̀wé Ìjókòó

Mo dé orí ọ̀rọ̀ wíwá ẹgbẹ́ wàyí. Ibi mẹ́ta ni kí èèyàn kàn sí lọ́jọ́ kan náà, kó má ṣe dúró de ìdáhùn ọ̀kan kó tó lọ sí òmíràn. Ìkíní ni ẹ̀ka ìlera ọpọlọ nílé ìwòsàn. Òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ire aláìsàn (social worker) níbẹ̀ ló sábà máa ń mọ àwọn tó ń pàdé, ju dókítà lọ. Ìkejì ni ìlà NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, 0800 1020 3040, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn torí wọ́n gbà pé ká múni nìṣẹ́ NDLEA. Ìlà yìí, ìmọ̀ràn ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀, wọ́n sì lè darí yín. Ọtí mímu kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin wọn. Ìkẹta ni aa.org, ojú òpó Alcoholics Anonymous (AA), ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, níbi tí wọ́n ti ń to orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sí pẹ̀lú bí èèyàn ṣe lè kọ̀wé sí wọn.

Tẹ́ ẹ bá rí àdírẹ́sì, ẹ má gbé kórópe láti Ọláìyá lọ síbẹ̀ láìkọ́kọ́ pè. Àkọsílẹ̀ ìpàdé tètè máa ń gbó. Ẹgbẹ́ á ti kó kúrò, orúkọ á ṣì wà níbẹ̀. Pè lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó o béèrè: ṣé ẹ ṣì ń pàdé níbẹ̀? Aago mélòó? Ẹnu ọ̀nà wo? Èdè wo lẹ ń sọ? Ṣé àwọn obìnrin wà níbẹ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni ló lè wọlé, àbí ti àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nìkan ni? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì bí o bá fẹ́ mú ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ dání.

Àmì pé ibẹ̀ ò dáa: wọ́n ní kó o san owó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n fẹ́ fọ́tò rẹ, wọ́n ń ta oògùn, wọ́n ní ọjọ́ méje lo máa fi bọ́, tàbí wọ́n ní kó o wá jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ṣéènì de èèyàn, ẹ sá.

Ìyá Sikírá

Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe nǹkan ṣọ́ọ̀ṣì ni AA yìí? Mùsùlùmí ńkọ́?

Akọ̀wé Ìjókòó

Ẹ ò ṣẹ̀ wá, Màmá. Ní 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, ni ọkùnrin méjì tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, ọ̀kan oníṣòwò ìpín ìdókòwò, èkejì dókítà, rí i pé báwọn bá jọ ń bára wọn sọ̀rọ̀, ọtí kì í rí àwọn mú. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjìlá tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti jáwọ́ dárúkọ Ọlọ́run lóòótọ́, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ pé bí oníkálukú bá ṣe mọ̀ Ọ́n. Mùsùlùmí á pe Allah, kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn ni pé kó fẹ́ jáwọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá, kó wo SMART Recovery, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú òùngbẹ ọtí àti èrò ọkàn. Wọ́n ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Àyétòrò

Ọjọ́ àkọ́kọ́ wá ńkọ́? Ìyẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ padà láti ẹnu ọ̀nà.

Alága Ọjọ́bọ̀

Jẹ́ n yà á fún ọ bó ṣe máa ń rí. Àga bíi mẹ́wàá ní òbìrí, kò sí pèpéle, kò sí gbohùngbohùn. Fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Ẹni tó bá pẹ́ wọlé, gbogbo ojú ló máa yí sí i, ohun tí ẹni tí kò débẹ̀ rí ò sì fẹ́ nìyẹn. Jẹun kó o tó lọ. Alága á ka ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n lè gba àdúrà ìfọ̀kànbalẹ̀ kúkurú, á wá béèrè bóyá ẹni tuntun wà. O lè dákẹ́. O lè sọ orúkọ kan péré, kì í ṣe dandan kó jẹ́ èyí tí ìyá rẹ sọ ọ́. Bó bá kàn ọ́ láti sọ̀rọ̀, "Mò ń gbọ́ lónìí" tó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń ní, gbogbo ẹ̀ ò ju wákàtí kan sí kan àbọ̀ lọ. Wọ́n lè gbé fìlà tàbí abọ́ yí ká fún owó tíì àti yàrá. Kò di dandan kí ẹni tuntun fi nǹkan sí i rárá, ìpàdé tó dáa á sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Òfin tó ṣòro jù fún wa nílẹ̀ Yorùbá ni pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ dáhùn sí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Àgbà tó bá gbọ́ pé ọmọdé fi owó ilé ìwé ọmọ mutí, ẹnu ẹ̀ á máa yún un láti bá a wí. Bó bá ti bá a wí báyìí, ọmọdé yẹn ò ní padà wá, àwọn tó kù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọ̀rọ̀ mu. Nítorí náà, alága gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé, kódà bó bá jẹ́ èèyàn mẹ́rin tó ti mọ̀ ọ́n lórí ló wà ńlẹ̀: "Kò sí ìmọ̀ràn níbí, kò sí ìbáwí, tìrẹ nìkan ni kó o sọ." Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnì kan kì í ṣe àléébù. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Wọn kì í lo orúkọ bàbá, ìyẹn rọrùn. Àmọ́ ta ló máa la ojú pe ẹni ọgọ́ta ọdún ní Láńre? "Bọ̀dá Láńre", "Àǹtí Ṣadé", ó ti tán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa jẹ́ Alhaji, Pásítọ̀, Olóyè tàbí Ọ̀gá nínú yàrá yẹn.

Lẹ́yìn ìpàdé bíi mẹ́fà, wá onígbọ̀wọ́, ẹni tó o máa pè bí òùngbẹ bá dé: ẹni tó ti jáwọ́ fún ọdún kan ó kéré tán, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin. Kì í yáni lówó, kì í gbàwìn fúnni. Bí owó bá ti wọ àárín ẹ̀yin méjèèjì, lọ́jọ́ tí òùngbẹ bá dé, ojú á máa tì ọ́ láti pè é.

Ìsàlẹ̀-Aró

Òṣogbo ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wọlé tí mo bá onílé mi níbẹ̀ ńkọ́? Àṣírí ló ń bà mí lẹ́rù ju ọtí lọ.

Alága Ọjọ́bọ̀

Onílé náà rí ọ ni o, ohun tó gbé e wá ló gbé ọ wá. Àmọ́ ìbẹ̀rù rẹ tọ́, torí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń tú. Ní òde, ẹ kí ara yín bí ẹ ṣe ń kí ara yín tẹ́lẹ̀. Bó o bá ń dọ̀bálẹ̀ fún un, dọ̀bálẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ara yín rí, ẹ kọjá lọ. Ohun tí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Ọjà Ọba ni, "A ò rí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá." Gbólóhùn kan yẹn ti tú ẹgbẹ́ ká.

WhatsApp ni ilé àṣírí tó ń jò jù. Nínú gúrúùpù, gbogbo èèyàn ló ń rí nọ́ńbà gbogbo èèyàn, Truecaller á sì fi orúkọ sí i lójú ẹsẹ̀. Orúkọ gúrúùpù tún máa ń yọ lójú fóònù kódà bó bá wà ní títì. Ọmọ tó ń fi fóònù bàbá ẹ̀ ṣe géèmù á kà á. Ẹ má dá gúrúùpù sílẹ̀. Kí akọ̀wé kan ṣoṣo lo broadcast list: á kọ ìwé lẹ́ẹ̀kan, á dé ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kan ò ní mọ ẹnì kejì. Ó ní ibi tó ti ń kùnà: ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà akọ̀wé pamọ́ sórí fóònù ẹ̀, ìwé yẹn ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tuntun fi nọ́ńbà náà pamọ́ kó tó dìde lórí àga, kó fi orúkọ tí kò ní ìtumọ̀ pamọ́ ọ́, "Bọ̀dá Káfíńtà" bí àpẹẹrẹ. Kí akọ̀wé sì ṣètò kí ọ̀rọ̀ máa pa rẹ́ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24. "Ìjókòó Ọjọ́bọ̀, aago 5:30" tó láti kọ. Ẹ má kọ "ọtí" síbẹ̀.

Aya Ilé

Bí ẹni náà bá kọ̀ tí kò lọ ńkọ́? Ṣé ìyàwó lè tàn án débẹ̀?

Akọ̀wé Ìjókòó

Ẹ má tàn án, ma. Ẹni tí wọ́n tàn wá kì í padà wá, á sì máa sọ fún èèyàn ẹni tó rí níbẹ̀. Al-Anon wà fún ẹbí láti 1951, tiwọn ni kí ẹ̀yin lọ, kódà bó bá jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nílé, ẹ má san gbèsè tó jẹ níbi tó ti ń mutí, ẹ má sì pe ọ̀gá ẹ̀ pé ibà ló ń ṣe é. Ìgbà tí ojú ẹ̀ bá dá, láàárọ̀, ni kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀, ní gbólóhùn méjì, kì í ṣe lálẹ́ tó ti mu.

Ọmọ Òṣogbo Lókè Òkun

Fún ẹni tí kò tíì lè fojú hàn: aa-intergroup.org ní ìpàdé orí Zoom ní gbogbo wákàtí. Ẹ ṣọ́ aago. Láti ìparí oṣù March sí ìparí October, aago London àti tiwa dọ́gba. Lẹ́yìn náà, 7 alẹ́ wọn ti di 8 alẹ́ wa. 7 alẹ́ New York di 12 òru tiwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì di 1 òru nígbà òtútù wọn. Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ yí orúkọ padà, torí Zoom máa ń gbé orúkọ tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ jáde bó ṣe wà. Ẹ pa kámẹ́rà, dátà náà á pẹ́ sí i. Ẹ fi íápíìsì sí etí.

Akọ̀wé Ìjókòó

Bí ibi tó sún mọ́ni ò bá sí, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́ jáwọ́ lè jókòó, ìyẹn ti di ẹgbẹ́ nínú ìlànà AA. Wá yàrá tí kò sí oníparaga àti ibi ẹran sísun lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀; ìyẹn ló mú kí agbègbè gáréèjì ṣòro. Kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ilé ìwé dáa, bí àga ò bá ti jẹ́ ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. San owó díẹ̀ fún un, kó má baà di ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ẹni tó ni ilé. Ọjọ́bọ̀ ní aago 5:30 sàn: Jímọ̀ ti kún, Sátidé jẹ́ ti òde, Ọjọ́rú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì. Nínú Ramadan, ẹ sún un kí ó má kọlu ìṣínu àti àṣámù. Ẹ ra àtùpà tó ń gba iná sára, torí NEPA. Tíì oníṣúgà àti bisikíìtì, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ máa ń wá ohun dídùn kiri. Olóṣèlú tó bá fẹ́ gbé ìrẹsì wá, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kámẹ́rà ló máa tẹ̀ lé ìrẹsì yẹn.

Ìyá Sikírá

Òde àríyá ńkọ́? Oṣù August ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, kò sí àgbègbè tí wọn ò ní gbé páálí bíà sí.

Alága Ọjọ́bọ̀

Lọ ní ọ̀sán, kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbé omi tìrẹ lọ́wọ́ kí ọwọ́ rẹ má ṣófo, torí ọwọ́ tó bá ṣófo ni wọ́n máa ń gbé ife sí. Bíà tí wọ́n kọ "zero" sí, fi í sílẹ̀, òórùn ẹ̀ nìkan tó láti jí nǹkan dìde. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, sọ pé, "Èèwọ̀ mi ni." Ọlọ́bàtálá kì í fẹnu kan ẹmu, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè ìdí.

Ìsàlẹ̀-Aró

Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn, Bọ̀dá?

Alága Ọjọ́bọ̀

Ohun tó bá ń pa èèyàn, kí ni kó jẹ́ bí kò jẹ́ èèwọ̀ ẹ̀? Òótọ́ lo sọ.

Ọmọ Àyétòrò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè kan ṣẹ́ kù. Bí èèyàn bá ti jáwọ́ fún oṣù méjì tó wá padà mu ńkọ́? Ṣé ó ṣì lè lọ?

Alága Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ. Wọn ò ní lé e, ọjọ́ tó ń kà ló máa bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Bó bá mu ún ní Sátidé, kó má dúró de Ọjọ́bọ̀. Kó pe onígbọ̀wọ́ ẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè, kó jẹun, kó wò ó lára nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí èyí tó ṣe é kí ife tó dé ẹnu: ebi, ìbínú, ìdánìkanwà, àárẹ̀. Kó tún na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó wò wọ́n. Bí wọ́n bá ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí Nọ́ọ̀sì sọ lókè yẹn ló kàn án, kì í ṣe tèmi.